Àlájì Bádrù Sọ Òṣìṣẹ́ Dọmọ

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agboju, Àlájì Bádrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì, ó gbé rédíò sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ogun. Wọ́n ní òfin iṣẹ́ tún ti yí padà. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú gan-an, Àlájì ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Sẹ̀gilọlá, ọmọbìnrin tó ń bá a tajà, ń to páálí nínú lọ́hùn-ún. Láti àárọ̀ ló ti ń wá bí yóò ṣe tọrọ ààyè ọ̀sẹ̀ kan.

"Sẹ̀gi, gbé páálí yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ìjọba ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wò kiri Festac. Wọ́n á bi mí léèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ."

"Ẹ ò fún mi níwèé rí, Àlájì."

"Wọ́n á tún bèèrè ìgbà tí o lọ ìsinmi."

"Mi ò lọ rí. Ohun tí mo tiẹ̀ fẹ́ bá yín sọ nìyẹn."

"Fara balẹ̀. Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀."

Ọgbọ́n ọ̀hún dùn mọ́ Àlájì débi pé ó pa rédíò kó tó sọ ọ́. Ó ní ẹnì kan ló là á yé òun ní mọ́ṣáláṣí pé òfin iṣẹ́ ò kan ẹni tó ń fọmọ ara rẹ̀ tajà. Nítorí náà, láti òní lọ, Sẹ̀gilọlá kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, ọmọ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wádìí, kó sọ pé bàbá òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣó dá yín lójú, Àlájì?"

"Bàbá."

"Ṣó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó dá mi lójú. Ìjọba wo ló máa dá sọ́rọ̀ bàbá àtọmọ?"

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí bàbá rẹ̀ tuntun. Inú Àlájì dùn, ó ṣàdúrà fún un. Nígbà tó dìde, kò padà sídìí páálí. Ó fa bísíkíìtì kan yọ, ó já a, ó ń jẹ.

"Kí nìyẹn?"

"Ebi ń pa mí, Bàbá."

"Ọjà ni o."

"Ọjà bàbá mi ni."

Ó dun Àlájì, àmọ́ ó gbé e mì. Ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀gilọlá ṣàlàyé pé ẹbí Akínfẹ́nwá, àfẹ́sọ́nà òun, ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé nílé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Ìwó, òun sì fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan.

Àlájì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ọmọ kì í gbàsinmi nílé bàbá ẹ̀. Ṣó o rí bí ọgbọ́n yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Ojú Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ fà ro, nítorí ọkàn rẹ̀ wà lára ọjọ́ náà gan-an. Ó jẹ bísíkíìtì kan sí i. "Òótọ́ ni, Bàbá. Mi ò ní lọ mọ́. Kí wọ́n kúkú máa bọ̀ níbí."

"Àwọn ta?"

"Àwọn àna yín."

Ẹ̀rín Àlájì dúró. Ó rán an létí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà ní Ìwó.

"Báwo ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi á ṣe gbàlejò àna nígbà tí bàbá mi ń bẹ láyé? Ilé yín ní Raji Rasaki Estate á gbà wọ́n. Wọn ò pọ̀, bọ́ọ̀sì méjì péré. Ẹ má wulẹ̀ pa màlúù, àgbò náà tó."

"Sẹ̀gilọlá, Àlájà ìyàwó mi ń bẹ nínú ilé yẹn. Tí mo bá mú ọmọ tó tó fọ́kọ wọlé lójijì, ó máa bi mí léèrè ìyá ọmọ."

"Ẹ sọ fún wọn pé ìjọba ló fà á."

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ara Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní kí Sẹ̀gilọlá fi bísíkíìtì sílẹ̀, pé òfin tuntun yìí tiẹ̀ dára, òun ò kàn rò ó dáadáa ni. Òṣìṣẹ́ ni í ṣe, òun á ṣèwé fún un, kó máa lọ sí Ìwó.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin."

Bí wọ́n ti ń ná an lọ́wọ́, fóònù Àlájì dún lórí káńtà. Sẹ̀gilọlá ló sún mọ́ ọn jù. Ó gbé e, ó wo orúkọ tó jáde lójú rẹ̀, ó sì fìka lé ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ láti dáhùn.

"Àlájà ni o. Ṣé kí n kí wọn ní Àlájà ni, àbí Màámi?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni Àlájì wí. "Pẹ̀lú owó ọkọ̀."