Akoto Fásasí Aránbàtà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tí a bá forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ahun àti aláìmoore ni. Ẹnu èmi tí mo jẹ nínú àgbọn náà gan-an ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ má sì bi mí pé báwo ni òwe àtijọ́ ṣe ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo ti dàgbà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Fásasí aránbàtà ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ní Òkè-Àgọ́ níbí. Sálúbàtà fóòmù ló ń ṣe. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, a ò sì bá a wí, nítorí ọdún yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kú, tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Sìdíkátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ti dákẹ́. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀, kò ní dáhùn. Bí ẹ bá fún un ní búrẹ́dì, á gbà á, á fi pamọ́ títí tí yóò fi bu. Ilé wọn pa rọ́rọ́ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ fẹ́ parí, ilé ìwé ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra wá bí akọni inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń fò láìní ìyẹ́, tí wọ́n ń wọ pátá lé ṣòkòtò. Sìdíkátù lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá mi, mo fẹ́ jẹ́ akọni."

Fásasí sọ ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti gbọ́ odindi gbólóhùn lẹ́nu ọmọ yìí. "Irú akọni wo?"

"Èyí tí nǹkan kan ò lè pa."

Nígbà tí Fásasí sọ ọ́ fún mi, ó dùn mí wọ eegun.

Aránbàtà kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Fóòmù ló ní, fóòmù náà ló gbé kalẹ̀. Ó gé ìgbàyà, ó gé ìgbànú, ó gé èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá. Ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi rọ̀, ó tẹ̀ wọ́n, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì kùn wọ́n ní ọ̀dà tó ń dán bí irin. Ìwà fóòmù nìyẹn: bó bá gbóná, á gba ìmọ̀ràn, bó bá tutù, kò gbọ́ tẹnì kan mọ́.

Akoto ló dá a lágara. Igi tí wọ́n fi ń mọ bàtà wà ní ṣọ́ọ̀bù, igi tí wọ́n fi ń mọ orí ni kò sí. Kò sì lè gbé fóòmù gbígbóná lé ọmọ lórí. Ó bá gbé e lé orí ara rẹ̀. Irun rẹ̀ jó, awọ orí rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n nígbà tí fóòmù tutù, akoto náà jókòó lórí rẹ̀ rekete. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Sìdíkátù, ó bò ó lójú dé imú. Wọ́n fi ìborùn ìyá rẹ̀ há inú rẹ̀ kó tó dúró.

"Ṣé irin ni?" ni ọmọ náà bi í.

Fásasí wò ó lójú. "Irin ni."

Ẹ ṣọ́ irọ́ yẹn dáadáa o.

Ọjọ́ náà pé, ojú ọ̀run ṣú, òjò ń ṣẹ̀. Èmi ni mo ń se àgbàdo fún àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, àgbọn kan sì wà nínú bàsíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sìdíkátù tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń sọ káàkiri kíláàsì: "Irin ni. Bàbá mi ló ṣe é. Ẹni tó bá dé e kò lè kú." Mo rí Fásasí lẹ́yìn ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òjò ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé Akínlàjà, wẹ́dà, náà ní ọmọ níbẹ̀. Irin gidi ló jó pọ̀ ṣe akoto ọmọ tirẹ̀, ọmọ náà ò sì lè gbé orí sókè láti àárọ̀. Ó wo orí Sìdíkátù, ó rẹ́rìn-ín.

"Irin wo lèyí? Sálúbàtà ni wọ́n gbé lé ọmọ lórí."

Sìdíkátù ò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn akoto náà, ẹnu rẹ̀ sì ń padé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Irin ni," ni Fásasí wí.

"Bó bá jẹ́ irin, á fọ́ àgbọn." Akínlàjà ti mú àgbọn inú bàsíà mi.

"Kì í ṣe lórí ọmọ." Fásasí gba akoto, ó yọ ìborùn inú rẹ̀ kí orí òun lè wọ̀ ọ́, ó ní kí Sìdíkátù bá òun di ìborùn náà mú. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nítòsí ìkòkò mi.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé sún mọ́ ọn. "Bàbá Sìdí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹ jẹ́ kó fọ́ ọ, mà."

Nígbà tí Akínlàjà kọ́kọ́ là á mọ́ akoto, àgbọn ta padà, ó bọ́ sínú ìkòkò mi, omi gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Akínlàjà yọ àgbọn, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, Fásasí kí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pé ó kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àgbọn là sí méjì, omi rẹ̀ ṣàn sí Fásasí lójú, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo pé irin ni. Fóòmù kọ́ ló fọ́ ọ o. Orí ni.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó tẹ̀ lé e. Òtútù ń mú, àgbàdo gbóná, àgbọn sì ti là. Wọ́n ń gbé Fásasí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, àwa ń jẹ. Èmi náà jẹ. Ojú tì mí, ó dùn, mo sì tún bù sí i.

Nígbà tí mo débẹ̀, Fásasí ti lajú, wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹnu rẹ̀ mọ́ orí. Nọ́ọ̀sì ní, "Àgbọn fọ́, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà yẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ ohun líle fóṣù kan."

Sìdíkátù wọlé, ó tú ìborùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀là àgbọn kan ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù.

"Bàbá mi, mo fi tiyín pamọ́."

Fásasí gbà á. Ó gbé e dé ẹnu, ẹnu ò là. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó tún gbìyànjú, omi dà lójú rẹ̀. Ó dá a padà fún un.

"Jẹ ẹ́," ló wí láàárín eyín. "Má fi í pamọ́ mọ́."

Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán lójú wa. "Ẹ ò kú," ló sọ.

"Ṣebí irin ni."

Sìdíkátù rẹ́rìn-ín, àgbọn kún ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà bá ń wí pé ẹni tí a bá forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, ẹ má rò pé a fi du Fásasí. A gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò là.