Ọkọ̀ Òfurufú Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Sátidé kan ní àdúgbò Ìgbẹ̀ìn ò ní tán lọ́kàn mi láéláé, bó tilẹ̀ wù mí kó tán.

Bàbá Ṣadé, tísà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n wá ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí àwọn fojú ara àwọn rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn. Bí wọn ò bá gbà, ọ̀rọ̀ èmi àti Ṣadé parí nìyẹn. Mo gbé agbádá ẹ̀gbọ́n mi wọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú rẹ̀. Mo tètè dé, mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn láti mu mínírà.

Yíyà yẹn ló kó bá mi. Ẹ̀rọ géèmù gíga kan bíi kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà láyà rẹ̀. Mo wò ó, ẹnu mi là, kò padé mọ́. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ń fò lọ sókè, odò, igbó àti òrùlé ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Háà! Mo ti gun Olúmọ wo páànù ìlú wa rí, ṣùgbọ́n páànù tiwa ń dúró jẹ́ẹ́ ni. Èyí ń rìn! Orí mi wú. Mo ṣe bí mo ti rí ayé tán ni.

Mo fi ẹyọ owó sí i, mo di ọ̀pá rẹ̀ mú. Àwọn ọkọ̀ ọ̀tá ya wá láti òkè bí eṣú. Mo ń yìnbọn, gbogbo ara mi ń yí tọ̀tún tòsì. Apá agbádá kọ́ ọ̀pá, ọkọ̀ mi já. Mo ká apá agbádá sí èjìká, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún wálẹ̀, ó bo bọ́tìnnì. Mo bọ́ ọ jù sórí tábìlì, ó gbá ìgò mínírà dànù sára rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Ohùn àgbà kan dún lẹ́yìn mi: “Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lò ń lé báyìí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná! Wọ́n fẹ́ pa mí!”

Mi ò yíjú, ká má tíì sọ pé mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n tọ́! Ìgbà tí ọkọ̀ mi bú gbàmù ni mo tó wẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkan. Agogo ara ògiri ti lé ní mọ́kànlá.

Mo sáré wọlé wọn tòun ti agbádá tó rin gbingbin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ṣé wọ́n ti pa ọ́ tán?”

Ohùn yẹn! Òun ló dún lẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ní, “Ẹni tí kò rí àgbà tó dúró tì í lẹ́yìn, ojú wo ni yóò fi máa wo ọmọ mi? Máa lọ sílé.”

Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó di ìgbà tí bàbá mi, tí orúnkún ń dà láàmú, bá mi lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Ìtìjú bàbá mi dùn mí ju tèmi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n: ohun yòówù kí ojú máa wò, kí etí má ṣe di sí àgbà.

Lóde òní, bí mo bá pe àwọn ọmọ-ọmọ mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù lórí fóònù, tí wọn ò jẹ́ mi, inú á bí mi. Ṣadé á ní, “Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ogun ni wọ́n ń jà.” Màá rẹ́rìn-ín ara mi. Màá wá jókòó tì wọ́n, màá máa wò, ẹnu mi á sì tún là.