Kántíìnì Ẹnì Kan Ṣoṣo

Wọ́n ní ìjọba ti yọ ikùn Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì kúrò nínú owó orí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá akọrin, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ wo ikùn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ikùn tó ń ṣáájú ẹni tó ni ín wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn, ta ni yóò san owó orí rẹ̀ tán?

Akọ̀wé àgbà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì, ní kóòtù kan níbí ní Adó. N kò ní sọ èwo. Mo ṣì ń wá oníbàárà fún ìrẹsì Ìgbẹ́mọ mi. Bó bá ń bọ̀, ẹ dìde, kí ẹ máa kì í: Akin-níwájú-iyán! Òfin-tó-ń-wọ-agbádá! Baba ṣíbí, ọkọ ìkòkò! Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, yóò rán yín létí.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ kántíìnì wọn. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrò nílé, ìkòkò ńlá mi wà lásán, nítorí náà nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo bá ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kọ KÁNTÍÌNÌ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ sí lára gàdàgbà. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì. Nínú yàrá náà, tábìlì kan, àga kan.

“Ọ̀gá, àwọn òṣìṣẹ́ dà?”

“Ìyá Tèmídayọ̀, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni?”

“Òṣìṣẹ́ ni yín, sà. Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Bí orí bá ti yó, ara ti yó nìyẹn.”

Iṣu Ìjàn ni mò ń gún, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyẹn àgbà tí kò ní dírẹ́bà. Bámidélé, dírẹ́bà rẹ̀, ló ń bá a ru kúlà oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù relé lójoojúmọ́.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni Olúfúnkẹ́ máa ń jókòó sí, opó tó ń gbálẹ̀ kóòtù, tó ń ti Ìyìn bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ọgbẹ́ inú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi máa pa á. Òórùn ọbẹ̀ mi ló fi ń mu gààrí.

Mo bá a bẹ ọ̀gá. Ọ̀gá na ìka sókè.

“Òfin owó orí ló sọ ọ́! Oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ bá jẹ ní kántíìnì, a kì í ka ìyẹn mọ́ owó oṣù, a kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Ṣé Olúfúnkẹ́ mọ ìyẹn? Ẹni tó bá mọ òfin ló ń jẹ òfin.”

Áà, ìdajì òfin ló kà. Ó kà á bí ẹni ń jẹ ẹja: ó jẹ ẹran, ó fi egungun sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, ìròyìn dé pé àwọn agbowó orí ń bọ̀ wá wo kántíìnì. Ẹ wo ìlàágùn!

“Ìyá Tèmídayọ̀, ẹ gbé ìkòkò ńlá kaná! Ẹ kó àwọn èèyàn wọlé! Kí wọ́n jókòó bí ẹni tó ti ń jókòó níbẹ̀ tipẹ́!”

Wọ́n lọ gbé bẹ́ńṣì ẹlẹ́rìí wá láti inú kóòtù. Gbogbo oúnjẹ inú kúlà pàápàá, a bù ú sáwo nígbà tí ọ̀gá kò wò wá. Ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lanu àfi láti jẹun.

Ẹni tó wá jẹ́ ọmọbìnrin tó dọ́gba pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn mi, Ẹ̀bùnọlá lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dúró. Kò sẹ́ni tó ń jẹun. Oúnjẹ tí wọn kò tíì gbàdúrà sí, ta ni yóò fọwọ́ kàn án ní Adó yìí?

Ọ̀gá wá ẹni tí kò mọ̀wé. “Olúfúnkẹ́, gbàdúrà sí i. Ní ṣókí!”

Ó gbàgbé pé Àládùúrà ni obìnrin yìí. Wọn kì í gbàdúrà ní ṣókí, wọn kì í sì í purọ́ fún Ọlọ́run.

“Olúwa mi, mo dúpẹ́ o! Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń ti ulé mi n'Íyìn bọ̀, tí mò ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yìí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwọ Ọlọ́run tí kì í lo kọ́kọ́rọ́, lónìí o ṣí kántíìnì!”

“Àmín!”

“O já àgádágodo!”

“Àmín!”

“Bùkún ọ̀gá wa tó máa ń dá nìkan jókòó síbí. Kúlà tó ń gbé relé lójoojúmọ́, má jẹ́ kó gbẹ!”

“Àmín ooo!” Bámidélé ló ké jù.

Ẹ̀bùnọlá ti lajú kí àdúrà tó parí.

“Bàbá, àgádágodo wo ni?”

“Ọmọ mi, àdúrà ni. Òwe ni wọ́n ń pa.”

“Kúlà yẹn náà, òwe ni?”

“Òfin ní oúnjẹ kántíìnì kò ní owó orí!”

“Ẹ ka ìyókù, sà. Ó ní tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ń jẹ ẹ́ bákan náà ni. Èyí tí ẹnì kan bá ń dá jẹ, ara owó oṣù rẹ̀ ni, yóò san owó orí rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, tàbí kí ẹ pa ‘àwọn òṣìṣẹ́’ rẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ yín.”

Olúfúnkẹ́ gbé òkèlè dúró. “Ọmọ mi, ṣé kí n padà wá lọ́la?”

“Lójoojúmọ́, mà.”

Ọ̀gá fò dìde. “Kò ṣeé ṣe! Bí gbogbo wọn bá ń jẹ, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún…”

“Fún ta ni, sà?”

“Fún… fún òfin! Bámidélé, gbé kúlà, ká lọ!”

“Ọ̀gá, mo ń jẹun lọ́wọ́.”

A kì í kúkú rán ẹni tó ń jẹun níṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà fúnra rẹ̀, ó gbé e lé orí ikùn.

“Ẹ ó gbúròó mi! Nítorí òfin ní…”

Ẹnu ọ̀nà ló gbé ìyókù ọ̀rọ̀ lọ. Kò gbé kúlà yẹn rí, kò mọ bó ṣe máa ń wúwo tó. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé òfìfo ni.