Ọjọ́ Tí Ìlù Ńlá Ṣìnà ní Ògòtún

Bí Dayọ̀ bá ti gbé ìlù ńlá bẹ́ńdì kọ́ àyà, kò rí bàtà ara rẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ ọ̀nà.

Ọdún kan gbáko ló fi lu agogo kékeré kó tó dé ìdí ìlù yìí. Ọjọ́ ìsìnkú Màmá Bámijókò ni yóò kọ́kọ́ lù ú níta. Bó bá bà á jẹ́, ìdí agogo ló ń padà sí. Lójú Fúnmi onífèrè!

Tíṣà Victor, olùkọ́ bẹ́ńdì ilé-ìwé wọn, bi í lẹ́ẹ̀kan sí i:

"Dayọ̀, bí o bá ṣì í ńkọ́?"

"Mi ò ní dúró, sà!"

"Ojú rẹ ńkọ́?"

"Kò ní hàn níbẹ̀, sà!"

"Ẹ̀yin tó kù?"

"Ìlù ńlá la máa tẹ̀ lé, sà!"

Gbì! Gbì! Gbì-gbì-gbì! Wọ́n gbéra. Wọ́n dé oríta. Ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Dayọ̀ yà sósì.

Bẹ́ńdì tẹ̀ lé ìlù, pósí tẹ̀ lé bẹ́ńdì, ẹkún tẹ̀ lé pósí. Láìpẹ́, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í ha Dayọ̀ lẹ́sẹ̀, òórùn kòkó tí wọ́n sá sì ń wọ imú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti ṣì í. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ojú ọlọ́pàá.

Gbì! Gbì!

Iwájú ilé Bàbá Ọlálérè ni ọ̀nà pin sí. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Dókítà mẹ́ta ti wò ó tì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rí bẹ́ńdì. Ó rí pósí.

"Háà! Ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

Gbì!

"Mi ò tíì kú o! Ulé òkú kọ́ rèé!"

Gbì-gbì!

"Dayọ̀, dúró!" Tíṣà kígbe.

Dúró kẹ̀? Dayọ̀ rò pé ìdánwò ni. Ó tún fi agbára kún un.

Fììì! Bàbá gba ojú fèrèsé jáde! Ó fo kòkó, ó fo ewúrẹ́ méjì, ó fo ọgbà, ó wọ oko lọ ràì! Yéè, ẹ̀rín ń pa mí!

Ìgbà tí ìlù forí sọ ògiri, gbàà!, ni Dayọ̀ tó dúró.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dayọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú agogo kékeré, kí wọ́n má bàa lé e débẹ̀. Àfi bí Motọ́lání, ọmọ Bàbá Ọlálérè, ṣe ru iṣu wọlé wá bá wọn.

"Tíṣà, ta ló lu ìlù ńlá ọjọ́sí?"

Dayọ̀ fi agogo bojú.

"Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o! Láti Sátidé ni Bàbá ti ń sáré kiri oko, a ò rí wọn mú. Àbúrò wọn obìnrin ló kù, tó dùbúlẹ̀ àìsàn sí ìlú Ìlúmọba. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ náà lè bá wa ṣìnà débẹ̀?"