Fírísà Tó Wọ Ẹ̀wù Òtútù

Ẹjọ́ fírísà ló ká wa mọ́ ilé Umda, baálẹ̀ wa, lánàá, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Èmi tí mo ń bu tíì fún àwọn àgbà ìgbìmọ̀, ẹsẹ̀ mi ò tíì bọ̀ sípò.

Àlájà Inayat ló pe ẹjọ́. Bikhit, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló pè lẹ́jọ́. Ọmọ náà, Rawhiyya, ti kó padà sílé ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó jókòó sẹ́bàá ògiri, kò wo ọkọ lójú. Bikhit ní tirẹ̀ ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Baba Umda, ẹ gbà mí!" Àlájà figbe ta. "Fírísà tí mo fi sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ, ọkùnrin yìí ti pa á! Ẹran Iléyá ti rà, ẹyẹlé méjìlá ti rà. Ọmọ mi ò ní padà sílé tí fírísà ti kú!"

"Bikhit, kí lo ṣe fún un?" Umda bi í.

"N ò ṣe nǹkan kan fún un, Baba. Àwíjàre mi gan-an nìyẹn. N ò fọwọ́ kàn án rí."

"Ẹran inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé?"

"Rawhiyya ló kó o sí i. Èmi, bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn."

Ẹ̀yin náà mọ ìwé ẹrù ìyàwó tiwa níbí. Gbogbo ohun tí ìyàwó gbé wọlé ló wà níbẹ̀, ọkọ á sì fọwọ́ sí i pé bí ìgbéyàwó bá tú, òun á dá a padà. Ọkọ mìíràn á fọwọ́ sí i, á gbàgbé. Bikhit há tirẹ̀ sórí bí ọmọ kéwú.

"Nọ́ńbà kẹta," ó ní, "fírísà kan, tuntun. Tuntun ni wọ́n kọ o! Bí mo bá bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù, ṣé tuntun ni mo máa dá padà?"

"Ta ló ní o máa dá nǹkan padà?" Àlájà dìde. "O fẹ́ kọ ọmọ mi ni?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé!"

"Ojú burúkú ni, Baba Umda! Àbúrò Bikhit obìnrin wọlé, ó ní, 'Ẹ wo bó ṣe tóbi,' kò sì darúkọ Ọlọ́run sí i. Èmi tí mo ti rán ìbòrí fún fírísà náà nítorí ojú ayé, aṣọ òwú nínípọn, tó ní léèsì létí!"

Wọ́n pe Usta Fawzi, tó ń tún fírísà ṣe, pé kó wá jẹ́rìí.

"Gáàsì ló tán," ó ní.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, o ní iná ni ò tó," Bikhit dá a lóhùn.

"Iná náà ò tó."

"Lọ́jọ́ kejì, o ní rọ́bà ẹnu rẹ̀ ló já."

"Ó já náà."

Umda gbé ife tíì sílẹ̀. "Fawzi, báwo lo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo gbé etí lé e lórí aṣọ."

"O ò ṣí aṣọ?"

"Baba, Àlájà dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ọkùnrin àjèjì kan ò gbọdọ̀ ṣí i."

"Mo sọ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbóná," Rawhiyya sọ jẹ́jẹ́. "Màmá ní bí nǹkan tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn."

Umda ní kí wọ́n gbé aláìsàn wá. Kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gbé e dé, tòun ti léèsì. Wọ́n bọ́ ìbòrí, wọ́n bá páálí. Wọ́n ya páálí, wọ́n bá ọ̀rá. Usta Fawzi ní kí á jẹ́ kó sinmi ná nítorí jìgìjìgì ojú ọ̀nà, a sì kírun, a jẹun. Ìgbà tí wọ́n finá sí i, kí n tó bu tíì kẹta, yìnyín ti ń funfun nínú rẹ̀.

"Kò ṣàìsàn," Usta Fawzi ní, ojú tì í. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ń tú ooru síta. Wọ́n dì í pa ni."

"Ọlọ́run ṣeun!" Àlájà ní. "Rawhiyya, dìde, fírísà ti yè."

Rawhiyya ò dìde. "Ẹ rò pé torí ẹran ni mo ṣe lọ? Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wọlé ọkọ. Àga wà nínú ọ̀rá. Abọ́ wà nínú páálí. Bẹ́ẹ̀dì pàápàá wà nínú ọ̀rá! Bí mo bá yíra padà, ọkọ mi á ta jí, á ní, 'Rọra, nọ́ńbà kìíní nìyẹn.' Ó ti sú mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Bikhit tẹ orí ba.

Umda dájọ́. "Àlájà, ẹ wọ ìbòrí tí ẹ rán, kí ẹ lọ jókòó sínú oòrùn àgbàlá. A ó gbé abọ́ omi kan sínú fírísà. Ìgbà tí omi náà bá di yìnyín ni ẹ ó bọ́ ìbòrí. Bikhit, lọ bọ́ gbogbo ọ̀rá ilé rẹ. Lọ́la, màá mú ìwé ẹrù wá. Ohunkóhun tí mo bá bá tí kò ní àpá lára, mo gbẹ́sẹ̀ lé e."

"Gbogbo rẹ̀, Baba?"

"Títí dórí ṣíbí."

Kí Bikhit tó lọ, ó ṣí fírísà wo omi.

"Pa á dé!" Àlájà kígbe látinú òwú. "O fẹ́ kí n jinná ni?"

Umda dìde. Ọ̀rá orí àga wọn lẹ̀ mọ́ wọn nídìí, ó bá wọn dìde. Gbogbo wa wo ilẹ̀.

"Baba Umda," Àlájà ní láti àgbàlá, "àga tiyín náà mà ń làágùn o!"

Ìgbà yẹn la gbọ́ ọ láti ilé Bikhit nísàlẹ̀ àdúgbò: gbàrà! Abọ́ kan ti fọ́. Kò pẹ́, òmíràn tún fọ́.

Rawhiyya dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Níbo lò ń lọ?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ń pè mí nílé mi, Màmá."