Èmi Ni Àwọn Yòókù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ á fi gbà mí: ọjọ́ tí mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lọ sí kóòtù. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti sọ ìtàn náà kiri débi pé ó ti ń fi iyọ̀ kún un. Ó sàn kí èmi tí mo gbé kúlà náà sọ ọ́ bó ṣe rí.

Morrow, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mò ń gbé nígbà náà. Ibẹ̀ ni èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó mi jọ gbé, ibẹ̀ ló sì ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run. Tósìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, ń gbé ní Grayson pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Mo ní rárá. Bàbá ìyàwó kì í jí láàárọ̀ kó máa bá ọkọ ọmọ rẹ̀ du balùwẹ̀. Ilé kékeré kan ni mo fẹ́, tèmi, tó sún mọ́ wọn débi pé ọmọ-ọmọ mi á lè fẹsẹ̀ rìn wá kí mi. A rí ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ fi háyà, ẹ̀yìnkùlé Tósìn gan-an ló kọjú sí. Mo kọ orúkọ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú páálí.

Kò pẹ́ tí obìnrin tó ń bójú tó ilé náà fi pè mí. Ó ní wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n sì rí i pé onílé kan ti gbé àwọn ará ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀ ní Morrow lọ sí kóòtù láti lé wọn jáde. Ó ní òun ò pè mí lẹ́ni burúkú o, ṣùgbọ́n kí n lọ gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ ní kóòtù kàǹtí, èyí tó máa fi bí ẹjọ́ náà ṣe parí hàn. Tí mi ò bá mú un wá kó tó di Fúráìdè, òun á gbé ilé náà fún ẹlòmíì tó ń dúró dè é.

Mo mọ bí ẹjọ́ náà ṣe parí. Àwa la jàre. Òrùlé ilé náà ń jò, ìyàwó mi ò yéé fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, onílé bá ní ká kó jáde. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ ní kóòtù, ibi iṣẹ́ ni mo wà, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí mo padà délé, Mọrẹ́nikẹ́ wà nídìí ààrò, gèlè tó wé jáde ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ní ká máa gbé ilé wa.” Mo ní ó ṣeun. A jẹun. Bí àwa méjèèjì ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Tósìn ní, “Daddy, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó lórí kọ̀ǹpútà ná kẹ́ ẹ tó jáde.” Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ ìwé kà dáadáa, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó mọ̀wé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á mọ́.

Dípò kí n gbọ́ ti ọmọ, Díákónì Àlàbí ni mo lọ bá lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ohun tí Díákónì kò mọ̀ nípa Amẹ́ríkà, àfi èyí tó o bá bi í. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ní, “Bàbá Tósìn, Downtown ni kóòtù Atlanta wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo o. Ẹni tó ń wá fáìlì gbọ́dọ̀ ní nǹkan lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo rántí bí a ṣe ń wá fáìlì nílé, tí fáìlì tó sọ nù lánàá á yọjú lónìí tí inú akọ̀wé bá ti dùn. Mi ò jẹ́ fún èèyàn lówó, kì í ṣe ìwà mi. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ kì í ṣe rìbá, ìkíni ni. Mo bá lọ ẹ̀wà, mo fi ẹja sí i, mo pọ́n ọn sínú ewé bí Mọrẹ́nikẹ́ ṣe kọ́ mi kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. N ò ní purọ́, mọ́ínmọ́ín náà dúró dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ súùtù tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó Tósìn, mo wa ọkọ̀ dé ibùdó reluwé, mo wọkọ̀ ojú irin lọ sí Downtown, kúlà lórí itan mi. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń fa imú. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ẹnu ọ̀nà kóòtù, wọ́n ní kí n gbé kúlà náà sórí ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù. Ẹ̀rọ náà dúró. Ọlọ́pàá tó wà nídìí rẹ̀ wo àwòrán, ó wo èmi, ó tún wo àwòrán. Lójú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n dì sínú ewé tí wọ́n tò jọ bẹ́ẹ̀ kì í jọ ìkíni. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní òun mọ ẹ̀wà, ẹ̀wà kì í rí báyìí, kí n tú ọ̀kan. Mo tú u. Ooru rú jáde, òórùn ata àti ẹja gba gbogbo ẹnu ọ̀nà, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á nínú kóòtù.

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ àbúrò mi. Mo tẹrí ba, mo gbé kúlà lé káńtà, mo ṣí ìdérí rẹ̀. Mo ní, “Tiyín nìyí, Ma. Fáìlì kékeré kan ni mo wá bá yín wá.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí káńtà bí ẹni tí iná jó. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá ń fún òṣìṣẹ́ kóòtù ní ẹ̀bùn nítorí fáìlì, ó ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣí fáìlì tuntun fún òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ìwé irú ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti òun, kì í sì í ṣe ti akọ̀wé, ti ará ìlú ni. Ẹnikẹ́ni ló lè wá wò ó, owó ẹ̀dà nìkan lèèyàn á san. Mo pa kúlà dé. Etí mi gbóná ju mọ́ínmọ́ín lọ.

Akọ̀wé náà ṣàánú mi. Ó bi mí pé níbo ni ilé tí wọ́n torí ẹ̀ ṣẹjọ́ wà. Mo ní Atlanta. Ó ní níbo ní Atlanta. Mo ní Morrow.

Ó ní, “Sà, Morrow kì í ṣe Atlanta.”

Ẹ gbọ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó wá láti Grayson, ẹni tó wá láti Morrow, ẹni tó wakọ̀ títí tí ọrùn fi ń dùn ún, Atlanta ni gbogbo wa ń gbé. Ohun tá a sọ fún àwọn ará ilé nìyẹn, ohun tí àwa náà gbà gbọ́ sì nìyẹn. Obìnrin náà ní kàǹtí dà bí ìjọba ìbílẹ̀, kálukú ló ní kóòtù tirẹ̀, kálukú ló sì ń tọ́jú ìwé ẹjọ́ tirẹ̀. Kàǹtí Fulton ni mo dúró sí. Clayton ni Morrow wà. Kóòtù Clayton sì wà ní Jonesboro.

Jonesboro! Láti ilé mi, orin kan ò ní tíì parí lórí rédíò kí n tó débẹ̀. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni mo ti máa ń ra epo sọ́kọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ òwe Sókótó àti àpò ṣòkòtò, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo wọ reluwé padà, mo wa ọkọ̀ lọ sí Jonesboro. Ọgbọ́n ti dé díẹ̀: mo fi kúlà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rí gbọ̀ngàn ńlá kan tí èèyàn jókòó kún, èmi náà jókòó. Lójú tèmi, ibi tí èèyàn bá ti jókòó dúró ni wọ́n á ti dá a lóhùn. Adájọ́ kan, obìnrin, wà lókè, ó ń pe orúkọ, àwọn tó pè ń dìde. Mo dúró dúró, kò pè mí. Nígbà tó sú mi, mo dìde fúnra mi.

Adájọ́ náà bi mí bóyá èmi ni mo pẹjọ́ ni, àbí èmi ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Mo ní, “Kò sí nínú méjèèjì, My Lord. Tìyàwó mi ni mo bá wá.”

“Ìyàwó yín dà?”

“Ó ti kú, My Lord.”

Àwọn lọ́yà wo ara wọn. Adájọ́ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ ohun tí mo wá ṣe. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, pé ibi tí òun wà, ẹjọ́ tó ṣì ń lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, èyí tó ti parí wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó ní kí ọlọ́pàá kan mú mi lọ. Bí mo ṣe ń jáde, gbogbo ojú ló tẹ̀ lé mi. Mo na ọrùn gangan nínú súùtù mi bí ẹni tó jàre.

Ní ọ́fíìsì akọ̀wé, kọ̀ǹpútà kan wà tí ará ìlú ń lò. Mo tẹ orúkọ mi. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Mo sọ fún ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn gíláàsì pé kọ̀ǹpútà wọn ti bàjẹ́. Ó bi mí pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé nígbà náà.

Mo ronú. Ọ̀rọ̀ ìwé, Mọrẹ́nikẹ́ ló máa ń ṣe é. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló yọ.

Ìyá náà tẹ ìwé náà jáde, ó nà án sí mi. Lókè níbẹ̀, orúkọ onílé wà lápá kan. Lápá kejì, ohun tí wọ́n kọ ni orúkọ ìyàwó mi, “àti gbogbo àwọn yòókù tó ń gbé inú ilé náà.” Mo bi í pé ta ni àwọn yòókù.

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ó ní, “Sà, mo rò pé ẹ̀yin ni.”

Èmi, baálé ilé. Èmi tí mo ń jókòó lórí àga tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìwé kóòtù, èmi ni àwọn yòókù, èmi àti Tósìn tó ṣì wà ní háískùù, bóyá àti ológbò rẹ̀ pẹ̀lú.

Abẹ́ rẹ̀ ni ìwé ìdáhùn wà, ìkọ̀wé Mọrẹ́nikẹ́ gan-an, lẹ́tà tó tẹ̀ sápá ọ̀tún bí ẹni tó ń yára. Òun ló kọ́ mi níwèé, lórí tábìlì oúnjẹ. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ka á sókè, kí etí rẹ lè ran ojú rẹ lọ́wọ́.” Títí di òní, mi ò lè ka ohun tó bá jẹ mí lógún láìgbé ohùn sókè. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ń jáde. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló gbọ́ ọ:

“Òrùlé ń jò sórí ibùsùn wa. Mo sọ fún wọn, mo kọ ọ́ fún wọn, mo mú àwòrán rẹ̀ wá. Kì í ṣe nítorí ohun tí a ṣe ni wọ́n fi ń lé wa, nítorí pé mo sọ̀rọ̀ ni. Ọkọ mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Èmi nìkan ni mo wá. Èmi tó.”

Nísàlẹ̀, adájọ́ ti kọ ọ́ pé òun da ẹjọ́ onílé nù.

Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn mi ní, “Amen.” Ẹlòmíì náà ní, “Amen.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n àyà mi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnnì súùtù fi fẹ́ já. Ìyá ẹ̀yìn gíláàsì náà bi mí pé ta ni lọ́yà ìyàwó mi.

Mo ní, “Kò ní lọ́yà, Ma. Gèlè ló wé lọ.”

Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo fi àtàǹpàkò pa òǹtẹ̀ náà, ó yọ gọngọ lára ìwé. Mo sanwó ẹ̀dà, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo jẹ mọ́ínmọ́ín bó ṣe wù mí, mo sì tún ìwé náà kà, sókè, nítorí kò sẹ́ni tó máa ṣe “Amen” mọ́.

Ohun tí mo kọ́ ò ju báyìí lọ: kí èèyàn tó lọ wá ìwé ẹjọ́, kó kọ́kọ́ béèrè kàǹtí tí ilẹ̀ náà wà, kó béèrè orúkọ ẹni tó wà lókè ìwé, kó sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nílé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Díákónì Àlàbí, ó ní ohun tí òun sọ fún mi gan-an nìyẹn, ó wá bi mí bóyá mọ́ínmọ́ín ṣẹ́ kù.

Kó tó di Fúráìdè, mo gbé ìwé náà lọ sí Grayson. Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà kà á délẹ̀, ó wá fa fọ́ọ̀mù sí mi. Mo kọ orúkọ mi sókè. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo jókòó sórí àga ẹlòmíì. Ó ní ta ni àwọn yòókù tó máa bá mi gbé. Mo ní kò sí, pé èmi gan-an ni àwọn yòókù tẹ́lẹ̀. Kò yé e, àmọ́ ó bá mi rẹ́rìn-ín.

Ilé náà ni mo wà báyìí. Tí oúnjẹ bá délẹ̀ nírọ̀lẹ́, Tósìn á yọjú lẹ́yìnkùlé rẹ̀, á ní, “Àwọn yòókù, ẹ máa bọ̀ o!” Èmi á rẹ́rìn-ín, màá wọ bàtà, màá sì dáhùn. Oyè ló jẹ́ fún mi. Ẹni tí wọ́n kọ mí tẹ̀ lé nínú ìwé yẹn, kì í ṣe ẹni kékeré.