Àwo Amọ̀ Tó Mu Ọbẹ̀ Àna Wa

Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo fi àwo àfọwọ́mọ gbàlejò àna kò ní kúrò lọ́kàn mi láé.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Mo rí obìnrin kan nínú fídíò tó ń tẹ́ amọ̀ sórí abọ́ tó dojú dé, bó bá ti le díẹ̀, yóò yọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni yọ mọ́ín-mọ́ín. Nígbà tí Bùsọ́lá, ọmọbìnrin mi, wá sọ pé bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun ń bọ̀ láti ìlú Ìṣẹ́ wá kí wa, mo ní àwo tí mo fọwọ́ ara mi mọ ni bàbá náà máa fi jẹun.

Mo wa amọ̀ létí odò, mo dojú igbá dé, mo ń fi mọ àwo. Ojú mi wá bọ́ sára àṣíborí tí ọkọ mi fi ń gun ọ̀kadà. Ó rí róbótó, ó ń dán, àfi bíi pé torí àwo ni wọ́n ṣe ṣe é! Mo tẹ́ amọ̀ lé e lórí. Ọ̀rá tó yẹ kí n kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà lẹ̀, mo gbàgbé pátápátá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò yọ. Mo fà á, mo lù ú, mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti wọlé lọ mú ọ̀bẹ ni ọkọ mi ti sáré jáde, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó dé àṣíborí náà tòun tamọ̀ láìwò ó, ó gbéra.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, ó gbé àṣíborí náà lé mi lọ́wọ́. "Ìyá Bùsọ́lá, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́nà bí ẹni pé ọba ló ń kọjá. Mo rò pé iyì mi ló pọ̀ sí i. Bí ọrùn ṣe ń dùn mí, mo ní ibà ni."

Mo to igi gbígbẹ lé àwọn àwo tó kù lórí lẹ́yìnkùlé, mo ṣáná sí i. N kò mọ̀ pé amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kó tó rí iná. Gbàù! Gbàù! Ìyá àgbà tó múlé tì wá figbe ta pé wọ́n ti ń yìnbọn. Nígbà tó yọjú tó rí mi nínú èéfín, ó ní, "Ìwọ rèé! Ìbọn lò ń sè ni?" Kí n tó fèsì, ó ti da omi korobá kan lé iná lórí. Àwo kan ṣoṣo ló yè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo tánganran," Bùsọ́lá ń bẹ̀ mí lọ́jọ́ tí àlejò wa dé.

"Ta ni ò ní tánganran?" Bí mo ṣe bu ẹ̀gúsí sínú àwo mi nìyẹn, mo gbé iyán tì í.

Bàbá náà gbàdúrà lé oúnjẹ, àdúrà náà sì gùn. Ká tó ṣe àmín, epo ti gba ìdí àwo jáde, ó ti ṣàn dé ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó ní kí òun gbé àwo náà sókè wò, ìdí rẹ̀ já sílẹ̀ pọ̀ọ́! Bùsọ́lá fọwọ́ bojú. Èmi ti kúnlẹ̀. Mo rò pé ìgbéyàwó ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Bàbá wò mí, ó wo ṣòkòtò rẹ̀. "Ìyá wa, mi ò tíì bu òkèlè kan, àwo yín ti jẹ ọbẹ̀ tán!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde jàre. Ẹni tó bá lè ṣe wàhálà tó báyìí nítorí àlejò, inú ilé rẹ̀ ló yẹ kọ́mọ mi ti fẹ́yàwó. Ẹ sá bá mi bu ọbẹ̀ mìíràn."

Ẹ̀kọ́ mi rèé: iṣẹ́ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ara ẹni là á kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe ara àna. Ìgbéyàwó náà wáyé. Àmọ́ títí dòní, bí mo bá gbé oúnjẹ fún bàbá yẹn, ó máa ń fọwọ́ kan ìdí abọ́ ná. Mo ṣáà máa ń bá a rẹ́rìn-ín ni.